Èwo ni ó ń Fa Èwo? Àgbéyẹ̀wò Èdè tí a fi ń Ṣàlàyé Yúríìkì Ásíìdì àti Ọ̀rá inú Ẹ̀dọ̀

Ìfáàrà

Fate, tí ó wà ní itòsí Tanke ní ìlú Ìlọrin, kì í ṣe àdúgbò àtijọ́ bí Gàmbàrí tàbí Ajíkobì. Ilé ìtura, ilé oúnjẹ, àwọn tí ń sun ẹran lójú títì, ilé ìtajà oògùn àti ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó jókòó ti ara wọn níbẹ̀. Ẹni tí ó fi mọ́tò jáde ní òwúrọ̀, tí ó jókòó sí ìdí tábìlì títí di ìrọ̀lẹ́, tí ó sì tún fi mọ́tò padà wá, lè jẹun kánú kí ó tó dé ilé láìfi ẹsẹ̀ rìn ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń gba ìwé méjì lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kan sọ pé yúríìkì ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga jù. Èkejì, tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn oní-skáànù wá, sọ pé ọ̀rá wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Àlàyé tí ó máa ń tẹ̀lé ìwé méjèèjì yìí ní èdè Yorùbá, yálà lórí rédíò ni o, tàbí lẹ́nu ẹni tí ń ta oògùn, kì í sábà ju gbólóhùn kan lọ: ásíìdì yìí ni ó ń fa ọ̀rá yẹn. Gbólóhùn kan yìí ni àpilẹ̀kọ yìí gbé lé orí ìwọ̀n. Òótọ́ ni pé kì í ṣe iṣẹ́ lámèyítọ́ láti wo aláìsàn sàn. Ṣùgbọ́n bí a bá lè lo odindi sáà kan láti fi yẹ ewì onílà mẹ́wàá wò, gbólóhùn tí ènìyàn yóò gbé lọ sí ilé, tí yóò sì torí rẹ̀ gbé oògùn mì, kò yẹ kí ó bọ́ lọ́wọ́ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn sọ

Yúríìkì ásíìdì kì í ṣe àlejò nínú ara. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara tí ó ń kú tí òmíràn ń rọ́pò rẹ̀ ni ó ti ń wá, ó sì ń wá láti inú oúnjẹ bí ẹran, pàápàá ẹran inú: ẹ̀dọ̀, iwe àti irú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọtí bíà náà ń pọn ọ́n lé. Iwe ni ó ń tú èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dànù sínú ìtọ̀. Ewúrẹ́ àti ajá ní èròjà kan nínú ẹ̀dọ̀ wọn tí ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ọmọ ènìyàn àti àwọn ìnàkí ti sọ èròjà yìí nù láti ayébáyé. Nítorí náà, bí ó bá ti ń kọjá nǹkan bíi miligíráàmù 7 nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í dì bí iyọ̀ sí oríkèé ara. Èyí ni gáòtù, tí ọ̀pọ̀ ń kà mọ́ làkúrègbé lásán. Àwọn ìwé ìṣègùn àtijọ́ a máa sọ pé gáòtù ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1995, Mijiyawa ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ láàrin àwọn tí ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ní Lomé, ní orílẹ̀-èdè Tógò, tí kò jìnnà sí wa rárá.

Ní ti ẹ̀dọ̀, a ń pè é ní ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá bí ọ̀rá bá ti wà nínú sẹ́ẹ̀lì 5 ó kéré tán nínú 100. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà kì í dun ni, kì í sì í sọ̀rọ̀. Nínú àwọn kan, ó lè di egbò, kí egbò di àpá, kí àpá sì sọ ẹ̀dọ̀ di líle.

Pé àwọn méjèèjì máa ń wà pọ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ní ọdún 2009, àwọn oníwádìí ní ìpínlẹ̀ Zhejiang ní ilẹ̀ Ṣáínà tẹ àyẹ̀wò kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo tí ó lé ní 8,900. Nínú àwọn tí yúríìkì ásíìdì wọn ga, bí ẹni 1 nínú 4 ni ó ní ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀. Nínú àwọn yòókù, wọn kò tó 1 nínú 10. Iye yìí wúwo. Síbẹ̀, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ka ásíìdì tí wọ́n sì wo ẹ̀dọ̀. Bí a bá bá ènìyàn méjì ní ìdí ọbẹ̀ kan, a kò tíì mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ débẹ̀, a kò sì mọ ẹni tí ó pe ẹnìkejì. Àwọn oníwádìí ìpínlẹ̀ kan náà mọ èyí, wọ́n sì tẹ òmíràn jáde ní ọdún 2010, tí wọ́n ti tẹ̀lé àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn mọ́ fún ọdún 3. Àwọn tí ásíìdì wọn ga ni ọ̀rá tètè wọ ẹ̀dọ̀ wọn jù. Èyí sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dé. Kò sọ ẹni tí ó pe ẹnìkejì.

Ní ọdún 2012, Miguel Lanaspa, Richard Johnson àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rí tí ó lágbára jù kalẹ̀ fún àwọn tí ó ń sọ pé ásíìdì ni ó ń fa ọ̀rá. Bí ṣúgà inú èso tàbí ti inú ọtí ẹlẹ́rìndòdò bá dé inú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ a ná agbára púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti kápá rẹ̀. Pàǹtírí agbára tí a ná bẹ́ẹ̀ a sì di yúríìkì ásíìdì. Wọ́n fi hàn, nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń tọ́jú ní yàrá ìwádìí, pé ásíìdì yìí lè da iṣẹ́ rú níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń dá agbára, kí ohun tí ó yẹ kí a jó fún okun sì di ọ̀rá tí a kó pamọ́. Àlàyé tí ó dán mọ́rán ni. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì inú ìgò kì í ṣe odindi ènìyàn tí ń gbé ní Fate.

Ọ̀nà kejì sì wà tí okùn náà lè gbà fà. Ẹni tí ó sanra jù, tí ara rẹ̀ kò gbọ́ràn sí ínsúlíìnì mọ́, a máa ní ínsúlíìnì púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlíìnì púpọ̀ yìí a mú kí iwe dá yúríìkì ásíìdì padà sínú ẹ̀jẹ̀ dípò kí ó tú u dànù. Òun kan náà ni ó ń rán ẹ̀dọ̀ níṣẹ́ pé kí ó máa ṣe ọ̀rá. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ìsanrajù ni ìyá, ásíìdì àti ọ̀rá sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà tí a ń bá papọ̀ nínú ilé. Kò sí ẹni tí ń sọ pé Táíwò ni ó bí Kẹ́hìndé.

“Fà” àti “bá rìn”

Ibi tí èdè ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ọ̀rọ̀-ìṣe “fà” ní èdè Yorùbá kò gbàgbé ibi tí ó ti wá. Okùn ni a ń fà. Ọ̀rọ̀ tí a sì ń lò fún ohun tí ó mú nǹkan ṣẹlẹ̀ ni “okùnfà”. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé nǹkan kan “ń fa” àìsàn ti rí okùn kan àti ọwọ́ kan tí ó dì í mú. Bí a bá gé ọwọ́ náà, okùn yóò dẹ̀. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni, àmọ́ ó ti pẹ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ń gbọ́ ọ bí àfiwé mọ́, ìdí nìyẹn tí ó fi lágbára.

Kì í sì í ṣe pé èdè náà kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn. “Dá sílẹ̀” wà, tí ó jẹ́ ti ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn. “Dá kún” wà, tí ó jẹ́ ti ẹni tí ó bá ọ̀ràn nílẹ̀ tí ó sì bu epo sí iná. “Bá rìn” wà, tí kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. A tún ní “ṣe àmì”, bí ìgbà tí àwọsánmà bá ṣú: kò sí àgbẹ̀ tí yóò sọ pé dúdú ojú ọ̀run ni ó ń ṣe òjò. Bí a bá fi àwọn wọ̀nyí wọn ohun tí ìwádìí ti sọ títí di òní, pé yúríìkì ásíìdì ń bá ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ rìn dájú. Pé ó ń ṣe àmì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú. Pé ó ń dá kún un ṣeé gbà gbọ́. Pé ó ń fà á kò tíì fìdí múlẹ̀. Èdè tí ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin fún ìyàtọ̀ mẹ́rin kò ṣe aláìní. Àwọn tí ń fi í ṣiṣẹ́ ni wọ́n sáré mú èyí tí ó súnmọ́ wọn jù.

Èé ṣe tí ó fi jẹ́ “fà” ni ó ń súnmọ́ wọn? Ìdáhùn kan wà nínú àlọ́. Kò sí ikùn wíwú tí ó lókìkí nínú ìtàn Yorùbá ju ti Ìjàpá lọ, nígbà tí babaláwo se àsèjẹ fún Yánníbo ìyàwó rẹ̀ tí ń wá ọmọ, tí Ìjàpá sì jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí bí àlọ́ yìí ṣe to ọ̀ràn. Ọ̀daràn kan ni ó wà, ìwà kan ni ó hù, ikùn sì wú lójú ẹsẹ̀. Olùgbọ́ kò ní ìyọnu kankan láti mọ ohun tí ó fà á. Ìlànà yìí dára fún àlọ́, nítorí pé àlọ́ gbọ́dọ̀ parí kí ọmọdé tó sùn. Bí àlàyé orí rédíò nípa ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá ṣe rí náà nìyẹn: ásíìdì ni Ìjàpá, jíjẹ ẹran ni àsèjẹ, ẹ̀dọ̀ sì wú. Ṣùgbọ́n àìsàn yìí kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún ni ó fi ń kóra jọ, láìsí ọ̀daràn kan ṣoṣo, láti inú àkàrà òwúrọ̀, ìjókòó ọ̀sán, ìgò ẹlẹ́rìndòdò ìrọ̀lẹ́ àti oorun tí kò tó. Kò sí bí a ṣe lè pa á lálọ̀ọ́.

Ọ̀rá, ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rọ̀ kíkan

Ìṣòro ti orúkọ tún wà níbẹ̀. “Ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá” dún bí ohun tí ènìyàn lè rà lọ́wọ́ alápatà tí yóò sì dúpẹ́. Nínú àlọ́ Ìjàpá mélòó ni kì í ṣe ìyàn ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Láàrin àwọn tí ó mọ ìyàn, ọ̀rá jẹ́ ìfowópamọ́, ìdí nìyẹn tí “O mà sanra o!” fi jẹ́ ìkíni, tí “O mà rù o!” sì fi jẹ́ ìbánikẹ́dùn. Ní òde wàlímọ̀ tàbí ìgbéyàwó ní Ìlọrin, ẹni tí ara rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀ kò níí gbọ́ ju kí wọ́n máa sọ pé ayé yẹ ẹ́. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀, nínú àkànlò èdè, jẹ́ ibi tí sùúrù ń gbé: ẹni tí a ní kí ó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróǹro, sùúrù ni a ní kí ó ṣe. Bí èébì bá ń gbé ènìyàn, a ní ẹ̀dọ̀ ń rìn ín. Nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, ẹ̀dọ̀ tí ó ní ìyọnu máa ń jẹ́ kí ènìyàn mọ̀. Èyí tí ó dákẹ́ tí ó ń sanra kò ní àkànlò èdè kankan.

Ó yẹ kí a rántí pé àwọn òyìnbó náà kò tíì yanjú ti orúkọ. Ní ọdún 1980, Jurgen Ludwig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic ṣàpèjúwe aláìsàn 20 tí ẹ̀dọ̀ wọn rí bí ti ọ̀mùtí bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀mùtí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe àìsàn náà ní ti àwọn tí kì í mutí. Ní ọdún 2023, àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn ẹ̀dọ̀ lágbàáyé yí orúkọ náà padà. Lára ìdí tí wọ́n sọ ni pé ọ̀rọ̀ ọtí àti ọ̀rọ̀ ọ̀rá nínú orúkọ àtijọ́ lè jẹ́ àbùkù fún aláìsàn. Ìyípadà yìí kò kan Fate bí ó ti kan ilẹ̀ wọn. Ní Ìlọrin, tí ó jẹ́ ìlú Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ ọtí ni àbùkù wà: aláàfáà tí wọ́n bá sọ pé ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu nílò orúkọ tí yóò dá a láre. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá kò bu ẹnikẹ́ni kù. Ìdààmú rẹ̀ ni pé ó ń yìn ín.

“Ásíìdì” ní ìṣìnà tirẹ̀. Olùgbọ́ tí ó ti kọ́ nílé ìwé pé ásíìdì a máa kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ yóò lọ fi ọsàn wẹ́wẹ́ sílẹ̀, yóò sì máa mu ẹlẹ́rìndòdò lọ, nítorí pé èyí dùn. Òdìkejì ohun tí ó yẹ gan-an ni. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní ọdún 1984, àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe tẹ̀lé e ní ọdún 1990, fún àwọn onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ẹ̀ka ìmọ̀ tí ó ní ọ̀rọ̀ fún fóníìmù kò tíì fún ẹni tí ń ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ fún ìyá arúgbó ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sì yẹ kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn dókítà nìkan, nítorí pé kì í ṣe ìmọ̀ ìṣègùn ni ó kùnà nínú “ásíìdì”.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń wá wà nílé. Nínú ìwé Yoruba Medicine tí Anthony Buckley tẹ̀ jáde ní ọdún 1985, a kà pé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ tí ó bá sọ̀rọ̀ gbà pé kòkòrò àti aràn wà nínú ara gbogbo ènìyàn, nínú àpò tiwọn, wọ́n sì wúlò níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù, tí wọ́n kún àkúnya, ni wọ́n ń di àìsàn. Ohun dídùn sì wà lára ohun tí ń mú wọn pọ̀. Àwọn ìyá tí ń sọ fún ọmọ pé kí ó má lá ṣúgà nítorí jẹ̀díjẹ̀dí ń sọ̀rọ̀ láti inú ìmọ̀ kan náà. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé aràn ni yúríìkì ásíìdì. Irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ ti ba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ jẹ́ níbi tí a ti ń wá ọ̀nà láti fi hàn pé àwọn baba ńlá ti mọ ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n ìrònú tí ó wà nídìí rẹ̀, pé ohun tí kò ṣe ibi nínú ìwọ̀n lè ṣe ibi nínú àpọ̀jù, bá ọ̀rọ̀ ásíìdì yìí mu ju “májèlé inú ẹ̀jẹ̀” tí a ń gbọ́ káàkiri lọ. Májèlé ni a ń lé jáde tán pátápátá. Àpọ̀jù ni a ń dín kù.

Ohun tí gbólóhùn náà ń ná ènìyàn

Bí ásíìdì bá ń fa ọ̀rá, oògùn tí ó ń dín ásíìdì kù yóò wo ẹ̀dọ̀ sàn. Ìrònú yìí tọ̀nà bí gbólóhùn àkọ́kọ́ bá tọ̀nà, òun ni ó sì ń gbé ènìyàn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta allopurinol láìsí ìwé dókítà. Oògùn rere ni fún gáòtù. Ṣùgbọ́n nínú àwọn díẹ̀ ó lè mú kí àwọ̀ ara bó, kí ó sì gba ẹ̀mí wọn. Ẹni tí gáòtù ń dà láàmú ní ìdí láti fara wé ewu yẹn lábẹ́ ojú dókítà. Ẹni tí kò ní gáòtù ń fara wé e nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe kan.

A ti dán irú ìrònú yìí wò níbòmíràn. Ásíìdì tí ó ga máa ń bá àrùn ọkàn rìn pẹ̀lú, àwọn kan sì ti ń sọ pé ó ń fà á. Ní ọdún 2022, ìwádìí tí a ń pè ní ALL-HEART ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí ènìyàn tí ó ju 5,700 lọ tí wọ́n ti pé ọdún 60 tí wọ́n sì ní àrùn ọkàn, fi hàn pé àwọn tí ó lo allopurinol kò sàn ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ní ọdún 2020, ìwádìí méjì lórí àrùn iwe ti sọ irú rẹ̀. Ní ti ẹ̀dọ̀, àwọn ìlànà ìtọ́jú kò tíì fi oògùn ásíìdì sí ara ohun tí a ń lò fún un. Ohun tí wọ́n fi sí ìwájú ni kí ara fúyẹ́: bí ẹni tí ó tẹ̀wọ̀n 100 kílò bá lè sọ kílò 7 sí 10 kalẹ̀, kí ó má sì gbé e padà, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ a máa fà sẹ́yìn, ásíìdì náà a sì máa wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nígbà púpọ̀.

Báwo ni a ó wá ṣe sọ ọ́? Ohun tí nọ́ọ̀sì lè sọ fún àgbàlagbà kan ní Fate nìyí: “Àlàájì, yúríìkì ásíìdì yín ti pọ̀ ju ìwọ̀n lọ, ọ̀rá sì ti wọ inú ẹ̀dọ̀ yín. Àwọn méjèèjì máa ń bá ìsanrajù rìn, ásíìdì yẹn sì lè máa dá kún ọ̀rá náà. Bí ẹ bá dín ohun mímu dídùn kù, tí ẹ sì ń rìn, tí ara yín fúyẹ́, ẹ ó rí i pé àwọn méjèèjì yóò máa lọ sílẹ̀.” Gbólóhùn wọ̀nyí gùn ju ọ̀kan tí a ń gbọ́ tẹ́lẹ̀, kò sì sí oògùn kan tí a lè dárúkọ nínú wọn fún ẹni tí ń tajà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù tí ó lè ba iṣẹ́ náà jẹ́. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ pé kí Àlàájì “rù”, àìsàn àti òṣì ni ó ń gbà fún un, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò sì dá a lóhùn kí òun fúnra rẹ̀ tó sọ̀rọ̀. “Gbẹ” tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. “Fọn” kò wúwo tó méjèèjì, nítorí pé ènìyàn lè fọn kí ara rẹ̀ sì le. “Fúyẹ́” sì ni èyí tí Àlàájì lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nígbà tí wọ́n bá bi í ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn oṣù mélòó kan pé kí ni ó ṣe é.